Òkè Láńgbódó àti Òkè Ẹ̀yìnkùlé Wa

Nínú ìwé ìrántí bí èyí, ìkíni àti ìtàn àwọn tó ti darí ẹgbẹ́ ló sábà máa ń pọ̀. Àyẹ̀wò ìwé ni àwa mú wá ní tiwa. Ìwé ìrìn àjò ni a fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá ìrìn àjò orí òkè àti ti aṣálẹ̀, nítorí pé orí òkè ni a tẹ̀dó sí, bí a bá sì kọjú sí àríwá tí a ń wa ọkọ̀ lọ, etí aṣálẹ̀ ni a ó já sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ bi àwọn ìwé náà: bí Yorùbá bá rìn dé orí òkè tàbí etí aṣálẹ̀, kí ló ń rí níbẹ̀, kí ló sì ń mú bọ̀ wálé?

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí ká má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Olóyè D. O. Fágúnwà. Mẹ́ta nínú àwọn ìtàn àròsọ rẹ̀ ló ní "igbó" nínú orúkọ: Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè tó jáde ní 1949, àti Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje tó jáde ní 1954. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé òǹkọ̀wé igbó ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ kà wọ́n yóò rí i pé nínú méjì lára wọn, orí òkè ni àwọn ọdẹ náà ń lọ. Òkè Láńgbódó ni Àkàrà-Ògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá. Òkè Ìrònú ni Ìrìnkèrindò àti àwọn tirẹ̀ ń wá. Igbó ni ọ̀nà tí wọ́n gbà, òkè ni ibi tí wọ́n ń lọ. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu, nítorí Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí Fágúnwà ní 1903, òkè àti igbó sì ni orúkọ ìlú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni Fágúnwà ṣe nínú ìrìn àjò Láńgbódó tí a kò tíì rí ẹni tó ṣe é jù ú lọ. Èkíní, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ. Kàkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Imọ̀dóye wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n, Ẹfọ́ìyẹ ń ta ọfà, Elégbèdè-Ọdẹ gbọ́ èdè àwọn ẹranko, Àràmàǹdà-Òkùnrin ní agbára, Olóhùn-Iyọ sì ń kọrin. Ẹni tí kò bá gun òkè rí ní ọ̀sán gangan lè rò pé akọrin kò wúlò láàárín àwọn ọdẹ. Ẹni tó bá ti gùn ún rí mọ̀ pé nígbà tí ẹsẹ̀ bá wúwo, tí omi inú ìgò sì ti gbóná, ẹni tó lè dá orin ló ń gbé gbogbo ẹgbẹ́ dé òkè.

Èkejì, ó fún wọn ní ìdí tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ rìn. Ọba kò rán wọn lọ wa góòlù. Ohun tí yóò mú àlàáfíà bá ìlú ni ó ní kí wọ́n lọ mú wá. Nígbà tí wọ́n dé Láńgbódó, wọ́n dé ilé Ìrágbèjè tó ní ojúlé méje, wọ́n lo ọjọ́ méje níbẹ̀, bàbá náà sì ń fi ìtàn kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ lójoojúmọ́. Ẹ wò ó bí ọkùnrin alágbára méje ṣe la ikú kọjá láti lọ jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà. Nínú ìtàn ìrìn àjò àwọn ẹlòmíràn, ìṣúra ló máa ń wà lókè. Nínú ti Fágúnwà, ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, ó jẹ́ kí ìrìn àjò parí sínú ìwé. Àkàrà-Ògùn kò gbé ìtàn rẹ̀ wọ sàréè. Ó wá bá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, ó ní kó mú gègé àti ìwé kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Fágúnwà kò sì fi pamọ́ pé kì í ṣe gbogbo àwọn tó lọ ló padà dé. Ìwé tó bá sọ ìyẹn ti sọ òtítọ́ nípa òkè.

Nítorí náà, a kì í ṣe ẹni tó ń wá ẹ̀gàn Fágúnwà. Ìwé tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, tí Wálé Ògúnyẹmí sì yọ eré orí ìtàgé Láńgbòdó jáde láti inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe níbi FESTAC ní 1977, kì í ṣe ìwé tí a lè fi ọwọ́ òsì júwe. Àmọ́ ìfẹ́ tí a ní sí ìwé kò ní kí á má sọ ibi tó kù sí. Ibi tó kù sí nìyí: òkè náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. A mọ fìlà àti ẹ̀wù tí Àgbákò wọ̀, ṣùgbọ́n irú òkúta wo ló wà ní Láńgbódó? Igi wo ló wà ní ẹsẹ̀ òkè, èwo ló wà lórí rẹ̀? Níbo ni omi ti ń sun? Ìgbà wo ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù? Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú inú rí òkè yìí yóò rí iwin, yóò rí ọba ẹyẹ, yóò rí ọlọ́gbọ́n, òkè gan-an ni kò ní rí.

Àwọn kan yóò ní òwe ni gbogbo rẹ̀, pé òkè ọgbọ́n ni Láńgbódó, kì í ṣe òkè tí a ń fi ẹsẹ̀ gùn. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ìran dé ìran ti kà nílé ẹ̀kọ́ máa ń kọ́ ojú ní bí ó ṣe ń wo nǹkan. Ó bá wa níbi tí a ti ń wo òkè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ Olúmọ ní nǹkan bíi 1830, Olúmọ gbà wọ́n, ó sì di ohun tí à ń bọ. Lóde òní, bí ènìyàn bá ní òun ń lọ sí orí òkè, àdúrà ni gbogbo wa mọ̀ pé ó ń lọ gbà. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tí à ń sọ ni pé òkè tí à ń sá sí, tí à ń bọ, tí a sì ń gbàdúrà lórí rẹ̀, ó yẹ ká tún mọ̀ ọ́n bí ilẹ̀.

Ẹnì kejì tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni Ọlábísí Àjàlá. Orin tí Ebenezer Obey fi kì í ní 1972 ló jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ gbogbo ilé, títí di òní sì ni à ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé ní Àjàlá. Ní 1952, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago lọ sí Los Angeles ní Amẹ́ríkà nínú aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà tó ju 2,000 máìlì lọ. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ilẹ̀ rin ọ̀nà yẹn kó má la òkè kọjá, kó má sì la aṣálẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí ló gun alùpùpù Vespa yí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ká, tó sì kọ ìwé An African Abroad, tó jáde ní 1963.

Ìwé akọni ni. Àjàlá kò bẹ̀rù ẹnu ibodè, kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, kò sì bẹ̀rù láti wo ojú olórí ìjọba kó bi í ní ìbéèrè, ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ṣì wà lábẹ́ òyìnbó. Nehru ti Íńdíà, Khrushchev ti Rọ́ṣíà, Nasser ti Íjíbítì, irú àwọn wọ̀nyí ló ń wá lọ bá. Ibẹ̀ náà ni àbùkù ìwé náà wà. Àwọn ẹni ńlá ló gba iwájú, ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú ẹni ńlá kan sí èkejì wá di ohun tí alùpùpù kàn ń gbà kọjá. Ohun mìíràn tún ni pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Orúkọ Àjàlá dé gbogbo ilé, ìwé rẹ̀ kò dé. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ la aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà já kù sí wa lọ́wọ́ bí orin àríyá lásán.

Bí Fágúnwà bá rí iwin, tí Àjàlá sì rí ìjòyè, kí ni àwa tí à ń gbé òkè ọya ń rí? Àwa náà ní ìtàn ìrìn àjò tiwa, bí kò tilẹ̀ sí nínú ìwé. Lọ́dọọdún tí a bá ti ilé dé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Òṣogbo, a máa ń jókòó ròyìn ọ̀nà. Ẹ fetí sí irú ìròyìn náà dáadáa. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni ni, ibi tí táyà ti fọ̀ ni, ibi tí àwọn agbófinró ti dá ọkọ̀ dúró ni, ibi tí ọbẹ̀ ti dùn ni. Òkè Zuma tí wọ́n yà sí ẹ̀yìn owó náírà ọgọ́rùn-ún ní 1999 dúró gàgàrà lẹ́bàá ọ̀nà, ó kàn jẹ́ àmì pé Suleja ti dé ni. Jẹ́bà tí Odò Ọya ti gba àárín àpáta kọjá kàn jẹ́ àmì pé ilé kù díẹ̀ ni. Ìròyìn yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbéra lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jókòó tì wá tó ń gbọ́ ọ yóò gbà pé láàárín Jos àti ilé bàbá òun, ewu àti oúnjẹ nìkan ló wà.

Ti aṣálẹ̀ tilẹ̀ tún burú jù, nítorí a kò rí ìtàn rẹ̀ sọ rárá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún un. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tó parí ní àárín àwọn ọdún 1880, ijù àti aginjù ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń rìn. Létí ọmọ ilẹ̀ igbó, aginjù ni igbó kìjikìji tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ ìwàásù láti kékeré tí a sì fi ojú inú rí Mósè lábẹ́ igi ìrókò. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi o, ìrírí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àwa tí a ti rí ilẹ̀ gbígbẹ pẹ̀lú ojú wa ló yẹ kó fún ọ̀rọ̀ náà ní ara tuntun.

Bẹ́ẹ̀ aṣálẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ilé Yorùbá. Ọdọọdún ló ń bẹ̀ wọ́n wò. Eruku ọyẹ́ tó ń bo orí páànù ní Ìbàdàn ní oṣù Dìsẹ́ḿbà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti ilẹ̀ kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ní ayé àtijọ́ tó ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbé e, orí wa níbí ló sì ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé. Gbogbo wa mọ ọyẹ́, a mọ ètè tó ń là àti ìpara tó ń tán. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ẹni tó bi í pé, "Ọyẹ́, níbo lo ti ń bọ̀?"

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ tí a wà lórí rẹ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ ohun tí ìwé wọ̀nyí fo. Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà sí òkun. Òkè Shere tó wà ní ìlà-oòrùn ìlú ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sún mọ́ 1,800 mítà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní òwúrọ̀ lè padà wálé jẹun alẹ́. Yóò rí orọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi ṣe ọgbà yí àgbàlá àti oko ká, irú èyí tó ti ń dáàbò bo abúlé láti ayé ogun. Yóò rí oko acha. Yóò rí adágún omi tí àwọn awakùsà tánganran fi sílẹ̀. Bí ó bá sì dé òkè tó wo ìsàlẹ̀, yóò lóye ohun kan tí kò sí nínú ìwé ìtàn àròsọ wa kankan.

Ohun náà ni pé òkè yìí ni ìyá omi. Láti orí rẹ̀ ni odò Kaduna ti ṣẹ̀, tó ń lọ bá Odò Ọya. Láti orí rẹ̀ ni Gongola ti ṣẹ̀, tó ń lọ bá Benue. Láti orí rẹ̀ ni Jama'are ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí àríwá, tó ń pàdé odò Hadejia ní agbègbè Gashua, tí wọ́n di odò Yobe tó dorí kọ adágún Chad. Ẹ̀kán òjò tó bọ́ sórí òrùlé wa ní oṣù Júláì lè lọ sí ọ̀nà òkun, ó sì lè lọ sí etí aṣálẹ̀. Ẹni tó bá tọ ọ̀nà Bauchi àti Potiskum lọ sí Nguru, ibi tí ojú irin Kano parí sí, yóò sọ̀kalẹ̀ láti 1,200 mítà sí nǹkan bíi 350. Igi yóò máa fọ́nká, yóò máa kúrú, títí tí yóò fi ku osè, àjàgbọn, igi ẹlẹ́gùn-ún àti dọ̀ngóyárò tí wọ́n gbìn. Lẹ́yìn náà, níbi tí ojú ti ń retí iyanrìn, omi ni yóò yọ, àbàtà Hadejia àti Nguru tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ń wá láti Yúróòpù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ku díẹ̀ síwájú kí iyanrìn gidi tó bẹ̀rẹ̀ ní àríwá ìpínlẹ̀ Yobe.

Òkè àti aṣálẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì nígbà náà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí omi lókè ni ìsàlẹ̀ ń jẹ. Nígbà tí adágún Chad kún ní 1963, ó fẹ̀ ju ìpínlẹ̀ Èkó lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Lẹ́yìn ọ̀dá àwọn ọdún 1970 àti 1980, èyí tó kù kò tó ìpínlẹ̀ Èkó kan. Ọdẹ tó bá gun òkè tó rí èyí ti rí ohun tó tó ọ̀rọ̀ Ìrágbèjè í kọ́ ìlú.

A mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ó ní ilẹ̀ kò rọgbọ. Òótọ́ ni. A kò gbàgbé Jos 2001, 2008 àti 2010. A mọ ohun tí Boko Haram ti ṣe ní ọ̀nà Yobe àti Borno láti 2009, kò sì sí òǹkọ̀wé tó ní ẹ̀tọ́ láti rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tí àwọn onílùú sọ pé kò dára. Òkè Shere, ilẹ̀ Anaguta àti Afizere ni. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, kó kọ́kọ́ kí àwọn onílẹ̀, kó mú ọmọ ibẹ̀ dání, kó gbé omi tó pọ̀, kó sì sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bí ọ̀nà kan bá dí, ẹ jẹ́ kó dí. Àmọ́ ìbẹ̀rù ọ̀nà kò ní kí á má lè dárúkọ ohun tó wà lójú fèrèsé wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan wa lára gan-an nìyí. Àwọn ọmọ tí a bí síbí mọ òkúta, "dutse" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mọ osè, "kuka" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n mọ àjàgbọn, "tsamiya" ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ gbọ́ Haúsá, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní orúkọ fún gbogbo nǹkan wọ̀nyí, a kàn kó wọn pamọ́ fún ilé tí a fi sílẹ̀ ni. Bí èdè ilé bá jẹ́ èdè ìbáwí, èdè àdúrà àti èdè òkú sísin nìkan, tí kò lè ròyìn òkè tí ọmọ ń wò láràárọ̀, ọmọ náà kò ní bá a jà, yóò kàn gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí àwọn ìwé wa kò rí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára bí ó bá dúró sínú ìwé. Inú ẹnu àwọn ọmọ ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ tiwa ni pé ọ̀nà Fágúnwà ni ká tọ̀, ká sì fi ojú tiwa kún un. Ká lọ pẹ̀lú ẹgbẹ́ bí Àkàrà-Ògùn, ká mú akọrin dání, ká wá ọ̀rọ̀ lọ dípò ìṣúra, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá dé. Kí a fi àyà tí Àjàlá ní kún un. Lẹ́yìn náà kí a wá ṣe ohun tí àwọn méjèèjì kò ṣe tó: kí a wo ilẹ̀, kí a sì dárúkọ rẹ̀. Ó tó àkókò kí ìwé ìrántí yìí máa gbé ìròyìn ìrìn ọjọ́ kan jáde lọ́dọọdún láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan tí kò tíì pé ogún ọdún, kó sì jẹ́ Yorùbá ni yóò fi kọ ọ́. Bí àmì ohùn rẹ̀ kò bá pé, olóòtú yóò bá a fi sí i.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ kò kú sí Òkè-Igbó. Òkè ọya níbí ló ti kú, ní Wuya lẹ́bàá Bida, ní Dìsẹ́ḿbà 1963, nígbà tó wà lẹ́nu ìrìn àjò iṣẹ́ tó sì kó sómi. Odò Kaduna tó ti orí òkè tiwa yìí ṣẹ̀ ló ń gba Wuya kọjá. Ẹni tó kọ́ Yorùbá ní ìrìn àjò orí òkè fi ẹ̀mí sílẹ̀ lẹ́bàá omi òkè wa, a kò sì tíì kọ ojú ìwé kan nípa omi náà ní èdè tó fi kọ̀wé.

Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àwa ti rìn jìnnà dé ibí. Ó ku kí a ròyìn ohun tí a rí. Olódùmarè yóò máa ṣọ́ ìrìn wa, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa kò ní kọ. Àṣẹ.